Wọ́n ti so tíúbù rẹ̀, síbẹ̀ ó lóyún: àlàyé lórí oyún ìta ilé ọmọ

Bí obìnrin bá ti lè sọ ọ́ jáde pé wọ́n ti so tíúbù òun, ìyẹn ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, kí òun má baà lóyún mọ́, ìbéèrè nípa oyún tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa tún bi í pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Inú ń run ún, wọ́n á ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bóyá taifọ́ọ̀dù ni. Ó ń bì, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ti dé. Òòyì ń kọ́ ọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, kó lọ sinmi, kó sì máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Gbogbo àìsàn tó wà láyé ni wọ́n á fura sí àfi oyún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oyún ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Bí obìnrin tí wọ́n ti so tíúbù rẹ̀ bá fi lè lóyún, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta irú oyún bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ilé ọmọ rárá. Inú tíúbù ló máa ń wà, tíúbù ò sì lè gbé ọmọ dàgbà. Bí wọn ò bá tètè rí i, bíbẹ́ ló máa bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn níbi tí ojú ò ti lè rí i.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa fún àwa tí a wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti àwọn ìlú tó yí wa ká. N kò fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é tàbí tó ń gbèrò láti ṣe é. Síso tíúbù dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ oyún tí ara wọn ò lè gbé mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń sọ fún wọn pé "ó ti parí," tí a ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ sílé láì sọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà tún gbòde lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn NEJM Evidence. Wọ́n wo ìdáhùn àwọn obìnrin tó lé ní 4,000 tí wọ́n ti so tíúbù wọn. Láti orí ìdá 2.9 títí dé 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn ṣì lóyún lẹ́yìn rẹ̀. Iye yẹn ju èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ fún aláìsàn lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà gé owó ìrànwọ́ ìlera tó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, ti ìfètòsọ́mọbíbí sì wà nínú rẹ̀. Bí ìyá kan tó ti bímọ tó bá wá ń ronú nípa ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ní í gba kéèyàn máa wá abẹ́rẹ́ kiri, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi.

Ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin ọlọ́kọ tó ti so tíúbù wọn ò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́, ọ̀pá tí wọ́n ń tẹ̀ bọ apá, lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, àwọn yẹn la mọ̀ jù. Síso, ọ̀pọ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹnì kan á ní bí òun bá tún ayé wá ńkọ́, ṣé òun á yàgàn ni? Ẹlòmíì á ní ta ló mọ ọ̀la, bí ikú bá mú ọ̀kan lọ nínú àwọn ọmọ ńkọ́? Nítorí náà, ẹni tó bá gbà á níbí, ìdí pàtàkì ló sábà máa ń ní: iṣẹ́ abẹ ìbímọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń le sí i bí oyún ṣe ń pọ̀ sí i, àìsàn ọkàn, tàbí ìyá tó ti bí mẹ́fà méje tí ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lórí èyí tó bí kẹ́yìn.

Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n sì sábà máa ń ti so ó. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde tán, dókítà á fa tíúbù kan sókè láàárín, á ká a po bí ojóbó, á fi òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ dì í nídìí, á sì gé orí rẹ̀ sọnù. Á ṣe èkejì bákan náà. Nígbà tí òwú bá yọ́ tán, ẹnu tíúbù méjèèjì á ti jiná, wọ́n á sì jìnnà síra. Ọ̀nà Pomeroy ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1930, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ni àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé. Láwọn ilẹ̀ míì, iná ni wọ́n fi ń jó tíúbù láti ojú ihò kékeré lára ikùn, tàbí kí wọ́n fi òrùka rọ́bà tàbí kílíìpù kékeré kan há a pọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Báwo ni oyún ṣe wá ń rí ọ̀nà wọlé? Ẹyin obìnrin máa ń kúrò nínú àpò ẹyin bọ́ sínú tíúbù, inú tíúbù yẹn náà sì ni àtọ̀ ti ń bá a. Ọlẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde á rìn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó dé ilé ọmọ. Bí a bá so tíúbù, a dí ọ̀nà yìí. Àmọ́ ara ènìyàn kì í jókòó lásán, gbogbo ojú ọgbẹ́ ló ń wá bó ṣe máa jiná. Nígbà míì ẹnu méjèèjì tí wọ́n gé á rọra fà mọ́ra, ihò tín-ín-rín á sì là láàárín wọn. Nígbà míì ihò á ṣí lára èyí tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ, á sì yọ sínú ikùn. Àtọ̀ kéré débi pé ó lè gba irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹyin. Ọlẹ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì, kò lè padà gba ibẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n fi òkúta dí ọ̀nà Ìdànrè ni: ọ̀kadà á wá ẹ̀gbẹ́ kan yọ́ kọjá, ọkọ̀ tó kó kòkó á dúró síbẹ̀. Ibi tí ọlẹ̀ náà bá há sí ló máa ta gbòǹgbò sí.

Àwọn ìdí míì náà wà. Obìnrin lè ti lóyún ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó so ó, kó má sì tíì hàn. Irú èyí sábà máa ń wà nínú ilé ọmọ. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀, pé iṣan mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíúbù ni wọ́n ṣèèṣì so.

Ìwádìí tí àwọn dókítà ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni CREST, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978. Obìnrin 10,685 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tọ àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn fún ọdún mẹ́jọ títí dé mẹ́rìnlá. Oyún 143 ló wáyé láàárín wọn lẹ́yìn síso. Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìta ilé ọmọ. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, nínú 1,000 obìnrin tí wọ́n so, 18.5 ló máa lóyún, 7.3 ló sì máa ní oyún ìta ilé ọmọ. Ọdún 1996 àti 1997 ni wọ́n gbé àbájáde wọ̀nyí jáde, òun ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì ṣì fi ń kọ́ni.

Ẹ má jẹ́ kí iye yìí ṣì yín lọ́nà o. Obìnrin tí kò so tíúbù, tí kò sì lo ohunkóhun, ewu oyún ìta ilé ọmọ tirẹ̀ ga ju ti ẹni tó so ó lọ, torí pé òun á máa lóyún léraléra, ọ̀kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún oyún sì ni kì í bọ́ sí ilé ọmọ. Ẹni tó so ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewu yẹn. Èyí tó kù fún un ni pé bí ọ̀kan ṣoṣo bá fi lè yọ́ wọlé, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ èyí tó léwu. Lúùpù náà rí bẹ́ẹ̀: kì í jẹ́ kí obìnrin tètè lóyún, àmọ́ oyún tó bá wọlé nígbà tí lúùpù ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n tètè wá ibi tó wà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó àti ọjọ́ orí obìnrin ní ọ̀rọ̀ nínú. Nínú CREST, àwọn tí wọ́n fi iná tí wọ́n ń pè ní bipolar, tó ń jó láàárín ẹnu irin méjì, jó tíúbù wọn kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún ló ní ewu tó ga jù: oyún ìta ilé ọmọ 31.9 nínú 1,000. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn rí bákan náà, àmọ́ tí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára tíúbù wọn lẹ́yìn ìbímọ, 1.2 nínú 1,000 ni tiwọn. Ìròyìn ayọ̀ lèyí fún wa níbí, torí pé gígé lẹ́yìn ìbímọ ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ṣe é fún lókè òkun, ẹ wádìí irú èyí tí wọ́n ṣe. Ẹni tó so ó, tó wá tún padà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tú u nítorí ọkọ tuntun, ewu tirẹ̀ tún yàtọ̀. Dókítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe síkáànù fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún èyíkéyìí tó bá ní.

Apá tó kàn wá jù nínú ìwádìí náà ni ti ọdún. Ewu oyún ìta ilé ọmọ ò dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Láti ọdún kẹrin títí dé ìkẹwàá, kò rẹlẹ̀ ju ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Ẹ rò ó wò. Ìyá tí wọ́n so ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti di ẹni ogójì. Nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló máa sọ? Á ní àgbà ti dé, nǹkan oṣù ti fẹ́ dá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà á sì bá a gbè é pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwọn náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, kò tó ti nǹkan oṣù. Ní ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ó yà sí kẹ́míìsì lójú ọ̀nà Arákalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi wá nǹkan sí inú rírun yìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé kì í ṣe oyún ṣá?"

"Oyún bọ̀? Wọ́n ti so mí láti ọjọ́ tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi."

Àǹtí yẹn béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, ìdáhùn ni kò jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ó di Flagyl àti oògùn ìrora fún un. Lálẹ́, inú rírun náà rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, pàápàá bó bá dùbúlẹ̀. Ó rò pé àpò èlùbọ́ tí òun gbé lọ́sàn-án ni, ó ní kí ọmọ òun bá òun fi róòbù pa á. Èjìká yẹn ni àmì tó yẹ kó ta gbogbo ilé jí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn ti dé abẹ́ awọ tó pààlà láàárín ikùn àti àyà, iṣan ìmọ̀lára tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ láti èjìká sì jọ ń pàdé ní ọrùn ni, ọpọlọ ò mọ̀ èwo ni èwo. Nígbà tó di ìdájí, ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, ó lọ, kò rí nǹkan kan yà, bó sì ṣe ń dìde ni ojú rẹ̀ ṣú. Ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ti bá a, ọwọ́ rẹ̀ tutù, inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

Láti ibẹ̀, ìṣẹ́jú ni a ń kà. Ilé ìwòsàn tó bá gbé e dé tó ṣì ń rò pé apẹ́ńdíìsì tàbí ọgbẹ́ inú ni, á kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ wá owó fún àyẹ̀wò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò nínú ìtọ̀, èyí tó wà ní gbogbo kẹ́míìsì, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ì bá ti sọ òótọ́ láti ọjọ́bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí oyún bá ti tó kó mú nǹkan oṣù pẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ò ní í fi hàn, ìbáà jẹ́ inú ilé ọmọ, ìbáà jẹ́ ìta rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba, òun náà sì ń pa èèyàn: ọ̀rọ̀ ọkọ. Obìnrin tó bá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò tó rí ilà méjì lè má lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ á ní, "Ṣebí ojú mi báyìí ni dókítà ṣe sọ pé o ò lè lóyún mọ́. Ta ló fún ọ lóyún?" Ẹ̀yin ọkọ, mo bẹ̀ yín. Oyún lẹ́yìn síso kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyàwó yín jáde. Àtọ̀ yín fúnra yín ló rí ọ̀nà. Ẹni tí ìtìjú bá mú, ó lè gba ẹ̀yìn lọ ra oògùn tí wọ́n fi ń ṣẹ́ oyún. Oògùn yẹn máa ń fún ilé ọmọ pọ̀ ni. Kò lè lé oyún tó wà nínú tíúbù jáde. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á wá lóòótọ́, obìnrin náà á dúpẹ́ pé ó ti lọ, oyún á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa dàgbà. Agbo ò lè yọ ọ́ bákan náà, ààwẹ̀ ò sì ní í jẹ́ kí tíúbù tó ti ń fà ya dúró.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, a mọ ohun tí ìdádúró lè fà ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mimiko, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyẹ fún àwọn aláboyún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, orí ìdádúró ni wọ́n gbé e lé: ìdádúró nílé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, àti ti ẹni tí wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè máa pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì mọrírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Ìyá tí wọ́n ti so kò ní í forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Kì í ṣe aláboyún lójú ara rẹ̀, kì í ṣe aláboyún lójú ọlọ́kadà tó gbé e, bí kò bá sì ṣọ́ra, kò ní í jẹ́ aláboyún lójú ẹni tó gbà á wọlé. Bẹ́ẹ̀, lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí ó bá kú, ikú aláboyún ni, torí ibi yòówù kí oyún náà wà lára rẹ̀, wọ́n ń kà á mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa kò le. Obìnrin èyíkéyìí tó bá ṣì wà ní ọjọ́ orí tó ń rí nǹkan oṣù, tí inú ń run tàbí tó dákú, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún oyún kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ taifọ́ọ̀dù. Kí "wọ́n ti so mí" má jẹ́ ìdí láti fo àyẹ̀wò náà. Kí ó jẹ́ ìdí láti tètè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́míìsì, ẹ̀yin lẹ ń kọ́kọ́ rí wọn, ẹ̀yin lẹ sì lè gbà wọ́n. Bí ilà méjì bá yọ, ẹ má ta oògùn kankan fún un, ẹ sọ fún un pé kó lọ ṣe síkáànù lónìí, kó má dọ̀la.

Síkáànù tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe ló ń rí oyún kékeré jù. Bí àyẹ̀wò bá ní oyún wà, tí síkáànù sì rí ilé ọmọ lófìfo, dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye èròjà oyún tó wà nínú rẹ̀, á sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 48. Ti oyún tó wà nínú ilé ọmọ sábà máa ń gbéra sókè dáadáa láàárín ìgbà yẹn. Ti inú tíúbù sábà máa ń falẹ̀. Èyí jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le o. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, kò sí àkókò fún wákàtí 48. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni.

Bí wọ́n bá tètè rí i kí tíúbù tó bẹ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní methotrexate tó lè dá oyún náà dúró láìla ikùn. Ó ń bá fólíkì ásíìdì jà nínú ara, nítorí náà ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ dá fólíkì ásíìdì tó ń lò dúró, kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí wọ́n á fi sọ pé ó tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn, tí kò ní í lè padà wá, bí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbókòdá kí wọ́n tó wọ mọ́tò, kí ó sọ ọ́, torí iṣẹ́ abẹ lè dára jù fún un. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń dé lẹ́yìn tó ti bẹ́, iṣẹ́ abẹ sì ni fún wọn: wọ́n á yọ tíúbù náà kúrò. Láti 1883 tí Robert Lawson Tait ti ṣe é ní ìlú Birmingham ni wọ́n ti mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bá tètè là lè yè. Àwọn dókítà wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dáni dúró. Bí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ, kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó lera bá a lọ tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà míì máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mímọ́ tó dà sínú ikùn obìnrin náà, wọ́n á sì dá a padà sí i lára.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò síso, ọ̀rọ̀ wa pọ̀ díẹ̀, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé ló sì yẹ kí ẹ jọ sọ ọ́, nígbà tí ẹ ṣì ń lọ fún ìtọ́jú oyún, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ti wà lórí tábìlì tí wọ́n ń mú ìwé wá fún yín láti fọwọ́ sí. Ẹ bi dókítà pé ọ̀nà wo ló fẹ́ lò. Ẹ bi í bóyá ó ṣeé ṣe kó yọ tíúbù méjèèjì kúrò pátápátá dípò síso, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣègùn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí: ibi tí kò bá sí tíúbù, oyún tíúbù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wà, ó sì ń dín àrùn jẹjẹrẹ àpò ẹyin kù, torí pé ọ̀pọ̀ irú àrùn náà, inú tíúbù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìgbà ìbímọ ni ẹ fẹ́ so ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún oyún láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ọkọ ní láti gbọ́ gbogbo àlàyé yìí pẹ̀lú yín, pàápàá apá tó sọ pé ó lè kùnà, kí ó má baà di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹni tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, tí Ọlọ́run sì yọ, kó má kúrò ní ilé ìwòsàn láì béèrè nípa tíúbù kejì. Èyí tó bẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń yọ nígbà míì, nítorí pé aláìsàn ò lè fara da iṣẹ́ abẹ tó gùn. Èyí tó kù, tí wọ́n so lọ́jọ́ kan náà lọ́nà kan náà, ṣì wà níbẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n yọ òun náà lọ́jọ́ mìíràn tí ara rẹ̀ bá ti le, tàbí kó gba ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn títí ìgbà yẹn. Kó gba ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tíúbù ọ̀tún tàbí òsì ni wọ́n yọ, pé oyún ìta ilé ọmọ lẹ́yìn síso ló fà á, kó sì fi ìwé náà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà jù lè rí i mú lóru.